Àlébù Sequoia nínú Linux: ìdáhùn fún olùtọ́jú sáfà tó gba àtúnṣe ṣùgbọ́n tí kò tún ẹ̀rọ tàn

Ẹnì kan tó ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò, ní ilé-ìwé gíga ló kọ̀wé sí mi. Ó ní Ubuntu 20.04, ìyẹn oríṣi kan nínú Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni sáfà náà ń lò, pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ní àkáǹtì lórí rẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti pé òun kà nípa àlébù kan tí wọ́n ń pè ní Sequoia, èyí tí wọ́n rí nínú kóòdù tí Linux fi ń bójú tó fáìlì, tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 2021. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: “Gbogbo àtúnṣe tí Ubuntu bá fi ránṣẹ́ ni mo máa ń gbà, ṣùgbọ́n orí inverter ni ẹ̀rọ náà wà, ó sì ti pẹ́ gan-an tí a ti pa á kẹ́yìn. Ṣé àlébù yìí ṣì kàn wá? Báwo ló sì ṣe jẹ́ tí fódà lásán fi lè sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀gá lórí sáfà?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. N ó kọ́kọ́ dáhùn apá àkọ́kọ́, nítorí òun ló yẹ kí ẹ ṣiṣẹ́ lé lórí lónìí. Bí ẹ̀rọ yín bá ti ń ṣiṣẹ́ láìdánudúró láti ìgbà tó ṣáájú ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2021, àlébù náà ṣì wà lára rẹ̀ digbí, bí àtúnṣe rẹ̀ tilẹ̀ wà lórí dísíìkì yín. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí mẹ́mọ́rì, dísíìkì àti gbogbo ètò yòókù, máa ń wọ inú mẹ́mọ́rì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn. Àtúnṣe tí ẹ gbà lẹ́yìn náà kó kernel tuntun sínú fódà /boot, ó sì fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Àfi ìgbà tí ẹ bá tún ẹ̀rọ náà tàn ni tuntun yóò tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ti àtijọ́. Bí ẹ bá ti tún un tàn lẹ́yìn tí ẹ gba àtúnṣe oṣù Keje yẹn, Sequoia fúnra rẹ̀ ti kúrò lọ́nà, ṣùgbọ́n àwọn àlébù kernel mìíràn tí wọ́n ti tún ṣe láti ìgbà náà wá ṣì lè wà níbẹ̀ fún ìdí kan náà.

Apá kejì ìbéèrè yín gba àlàyé tó gùn díẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ bí àlébù yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní fojú kéré àtúnṣe kernel mọ́.

Àwọn olùwádìí ààbò ní ilé-iṣẹ́ Qualys ní Amẹ́ríkà ló rí i. Wọ́n fi tó Red Hat, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe oríṣi Linux tirẹ̀, létí ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà 2021, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde sí gbangba títí di ọjọ́ 20 oṣù Keje, kí àwọn tó ń ṣe Ubuntu, Debian, Fedora àti àwọn yòókù lè ti ní àtúnṣe lọ́wọ́. CVE-2021-33909 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Qualys fi hàn pé ẹni tó ní àkáǹtì lásán lè ti ipasẹ̀ rẹ̀ di root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá, lórí Ubuntu 20.04, 20.10 àti 21.04, lórí Debian 11, àti lórí Fedora 34 Workstation. Bí wọ́n ṣe fi àwọn ètò wọ̀nyí sórí ẹ̀rọ láìyí ohunkóhun padà náà ni wọ́n ṣe gbà wọ́n lọ́wọ́ onílé. Kò sí àṣìṣe kankan tí olùtọ́jú ṣe.

Lórí Linux, ọ̀pọ̀ fáìlì ló wà tí kò sí lórí dísíìkì rárá. Bí ẹ bá tẹ cat /proc/self/mountinfo, ohun tí yóò jáde ni àkójọ gbogbo ibi tí wọ́n ti so dísíìkì tàbí fódà mọ́ ètò fáìlì, ohun tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń pè ní mount. Ojú ẹsẹ̀ ni kernel ń kọ ìdáhùn náà, sínú àyè kan tó yà sọ́tọ̀ nínú mẹ́mọ́rì, kí ó tó gbé e fún ẹni tó béèrè. Abala kóòdù tó ń bójú tó èyí ni seq_file, inú fódà fs ló sì wà nínú kóòdù Linux, pẹ̀lú àwọn ohun yòókù tó jẹ mọ́ fáìlì. Seq_file kì í mọ bí ìdáhùn yóò ṣe gùn tó kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, báìtì 4,096 ló kọ́kọ́ ń yà sọ́tọ̀. Bí ìlà kan kò bá gba inú rẹ̀, yóò dá àyè náà padà, yóò ya 8,192 sọ́tọ̀, yóò sì tún kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìyẹn náà kò bá tó, yóò di 16,384, yóò sì máa lọ bẹ́ẹ̀ ní ìlọ́po méjì méjì. Kò sí ibi kankan tí wọ́n ti sọ fún un pé kí ó dúró.

Bí ó bá ṣe ìlọ́po yìí nígbà 19, àyè náà yóò di báìtì 2,147,483,648. Ẹ fojú sí nọ́ńbà yìí dáadáa.

Seq_file ń kọ ìwọ̀n àyè rẹ̀ sínú oríṣi nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ size_t, èyí tó ní bíìtì 64 lórí sáfà òde òní, tí kì í sì í lọ sísàlẹ̀ òdo láé. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan kíkọ ipa ọ̀nà fódà sínú àyè náà, abala mìíràn tó ń jẹ́ dentry_path ló ń gbé iṣẹ́ náà fún, dentry_path sì ń gba ìwọ̀n àyè gẹ́gẹ́ bí int. Bíìtì 32 péré ni int ní, ó lè wà lókè òdo, ó sì lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ tó lè gbà ni 2,147,483,647. Ẹyọ kan ṣoṣo ló fi dín sí ìwọ̀n àyè wa. Nígbà tí 2,147,483,648 bá wọ inú int, ẹ̀rọ kò ní ráhùn, kò ní kìlọ̀. Ohun tí dentry_path yóò rí gbà ni -2,147,483,648.

Láti ẹ̀yìn ni dentry_path ti ń kọ̀wé bọ̀ síwájú. Ìdí ni pé ọ̀dọ̀ fódà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń gòkè lọ bá èyí tó gbé e sínú, títí tí yóò fi dé òkè. Orúkọ tó kọ́kọ́ mọ̀ ni èyí tó gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn nínú ipa ọ̀nà. Láti mọ ibi tí àyè parí sí, yóò mú ibi tí àyè ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì fi ìwọ̀n rẹ̀ kún un. Nísinsìnyí tí ìwọ̀n náà ti wà nísàlẹ̀ òdo, ibi tó pè ní ìparí ti bọ́ sí gígábáìtì 2 ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀, nínú mẹ́mọ́rì tí kernel lè ti fún iṣẹ́ mìíràn.

Bí wọ́n bá ti pa fódà náà rẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí dentry_path yóò kọ sí ìparí yẹn ni //deleted, tó jẹ́ báìtì 10 bí a bá ka òdo tó ń fi òpin ọ̀rọ̀ hàn mọ́ ọn. Kí ó tó kọ ọ́, yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àyè tó: yóò yọ 10 kúrò nínú ìwọ̀n, yóò sì béèrè bóyá èyí tó kù ti lọ sísàlẹ̀ òdo. Ibi yìí gan-an ló yẹ kí ọwọ́ ti tẹ àṣìṣe náà. Ṣùgbọ́n -2,147,483,648 ni nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí int lè gbà. Bí a bá yọ 10 kúrò nínú rẹ̀, yóò yí po lọ sí òdìkejì, yóò sì di 2,147,483,638, nọ́ńbà gọbọi tó wà lókè òdo. Àyẹ̀wò náà yóò sọ pé àyè wà rẹpẹtẹ. Báìtì 10 náà yóò sì balẹ̀ sórí ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ibi yìí ló máa ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ẹni tó kọ kóòdù yẹn ronú nípa àyè tí kò tó, ó sì fi àyẹ̀wò síbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó dé.

Kí àyè tó lè di gígábáìtì 2, ipa ọ̀nà fódà kan gbọ́dọ̀ ju gígábáìtì 1 lọ. Ẹ lè sọ pé Linux kì í gba ipa ọ̀nà tó ju báìtì 4,096 lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ipa ọ̀nà tí a bá kọ lẹ́ẹ̀kan náà ni òfin yẹn dè. Ẹni tó bá ṣẹ̀dá fódà, tó wọ inú rẹ̀, tó ṣẹ̀dá òmíràn níbẹ̀, tó sì tún wọ inú ìyẹn, kò ní rí ẹni dá a dúró. Qualys ṣẹ̀dá fódà bíi mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú èkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ inú user namespace, àyíká kan tí Linux ń gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó sì máa ṣe bí ọ̀gá nínú rẹ̀; ibẹ̀ ni wọ́n ti mount fódà gígùn náà, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n sì ka /proc/self/mountinfo. Mẹ́mọ́rì bíi gígábáìtì 5 àti ètò fáìlì tó lè gba fódà mílíọ̀nù kan ni gbogbo ohun tí ọ̀nà wọn béèrè. Sáfà kékeré tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju gígábáìtì 1 lọ kò rọrùn láti fi ọ̀nà yẹn mú, ṣùgbọ́n sáfà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò sábà máa ń ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ó tún béèrè pé kí ni //deleted lè dà fún ẹnikẹ́ni, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń kọlu ẹ̀rọ kò lè yan ọ̀rọ̀ mìíràn dípò rẹ̀. Ọgbọ́n tí Qualys dá nìyí. Linux ní ohun kan tó ń jẹ́ eBPF, tó ń jẹ́ kí àwọn ètò kéékèèké ṣiṣẹ́ nínú kernel, lẹ́yìn tí kernel bá ti yẹ àṣẹ inú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan tó sì rí i pé wọn kò léwu. Wọ́n gbé ètò eBPF kan kalẹ̀, kernel yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n dá a dúró ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kí kernel tó sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ ń lò. Ìgbà náà ni wọ́n jẹ́ kí //deleted já lé e lórí, kí ó sì pa àwọn àṣẹ tó ń ṣe ìdènà nínú ètò náà rẹ́. Ètò tí kernel wá gbé ṣiṣẹ́ kì í ṣe èyí tó fọwọ́ sí mọ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka mẹ́mọ́rì kernel tí wọ́n sì ń kọ̀wé sínú rẹ̀, títí wọ́n fi yí modprobe_path padà, ìyẹn ipa ọ̀nà ètò kan tí kernel máa ń pè pẹ̀lú agbára root nígbà tó bá nílò ohun tí kò tíì sí nínú rẹ̀. Wọ́n fi ipa ọ̀nà ètò tiwọn síbẹ̀, kernel fúnra rẹ̀ sì bá wọn ṣe èyí tó kù.

Ó yẹ kí n sọ bí àlébù náà ṣe wọlé, nítorí kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú un wá. Kí ọdún 2014 tó dé, ọ̀nà tí seq_file ń gbà ya àyè sọ́tọ̀ béèrè pé kí gbogbo rẹ̀ wà létí ara wọn nínú mẹ́mọ́rì gidi, èyí tí kì í gba ju mégábáìtì díẹ̀ lọ. Àyè tó tó gígábáìtì 2 kò ṣeé ṣe rárá, nítorí náà int inú dentry_path kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà láti ka /proc/stat, fáìlì tí kernel fi ń ròyìn bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí mẹ́mọ́rì wọn ti fọ́ wẹ́wẹ́, tí kò sí ibi tó gùn tó létí ara wọn mọ́. Àtúnṣe tó wọ Linux 3.16 ní oṣù Keje ọdún 2014 gbà kí seq_file lo vmalloc bí ọ̀nà àkọ́kọ́ bá kùnà, èyí tó lè kó àyè jọ láti ibi tó fọ́n káàkiri. Ìṣòro /proc/stat tán. Àmọ́ ìdènà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó jẹ́ ìdènà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ó dà bí ilé kan tó ti fara ti ògiri ilé kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tó kíyè sí i, tí onílé kejì sì wó ògiri rẹ̀ láti fẹ yàrá. Ọdún 7 ni àlébù náà fi wà níbẹ̀ kí Qualys tó rí i. Bí ẹ bá ka abala kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ ò ní rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ibi tí size_t ti pàdé int ni wàhálà wà, kì í sì í pọ̀ nínú àwọn tó ń ka kóòdù tó ń lọ dúró síbẹ̀.

Àtúnṣe tí Eric Sandeen ti Red Hat kọ kéré gan-an. Ó fi ìlà méjì kan sí ibi tí seq_file ti ń ya àyè sọ́tọ̀, tó sọ pé bí ìwọ̀n tí wọ́n béèrè bá ti fẹ́ súnmọ́ gígábáìtì 2, kí ó kọ̀ jálẹ̀. Mo gbà pé ibi tó tọ́ ló fi í sí. Ó ṣeé ṣe láti lọ yí int padà nínú dentry_path, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ abala mìíràn ló ń gba ìwọ̀n lọ́nà kan náà, kò sì sí ẹni tó nílò láti ka irú ìdáhùn tó tóbi tó yẹn láti inú /proc. Ó wọ Linux 5.13.4, 5.10.52, 5.4.134 àti àwọn mìíràn tí wọ́n ṣì ń tọ́jú. Ẹ má fi nọ́ńbà wọ̀nyí wé ti Ubuntu yín ní tààràtà, nítorí Ubuntu máa ń mú àtúnṣe wá sínú kernel tirẹ̀ láìyí nọ́ńbà àkọ́kọ́ padà. Ìkéde ààbò ti Ubuntu ni kí ẹ wò.

Lórí bóyá ó kàn yín: Sequoia kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ ti lè gbé ètò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ló máa ń gbọ́ èyí tí ọkàn wọn á sì balẹ̀. N kò lè bá yín fọkàn balẹ̀, nítorí iṣẹ́ sáfà tiyín gan-an ni láti jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ètò tí wọ́n kọ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kò sì pọn dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní èrò ibi. Ó tó kí ọ̀kan nínú wọn lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà níbòmíràn kí wọ́n sì jí i.

Ní ti ohun tí ẹ ó ṣe, ẹ kọ́kọ́ tẹ uptime -s, yóò sọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà tàn kẹ́yìn. Àṣẹ uname -r yóò sọ kernel tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ls /boot yóò sì fi àwọn tó wà lórí dísíìkì hàn. Bí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bá ti pẹ́ ju èyí tó tuntun jù lọ nínú /boot, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Bí fáìlì kan bá wà tó ń jẹ́ /var/run/reboot-required, Ubuntu fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀ yín láti tún ẹ̀rọ tàn. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi df -h /boot wò ó bóyá àyè ṣẹ́ kù níbẹ̀, nítorí lórí ẹ̀rọ tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kó kernel sí, /boot sábà máa ń kún, kernel tuntun kì í sì í wọlé tán. Ẹni tó bá tún ẹ̀rọ tàn bẹ́ẹ̀ yóò padà sórí èyí tó ti gbó. Ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ibòmíràn, ẹ sì rí i pé ẹnì kan wà nítòsí ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tí ẹ ó tún un tàn.

Bí kò bá ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí, Qualys dárúkọ ohun méjì tó lè dí ọ̀nà tí wọ́n gbà: kí ẹ fi sysctl, àṣẹ tí a fi ń yí ìlànà kernel padà, sọ kernel.unprivileged_userns_clone di 0, kí ẹ sì sọ kernel.unprivileged_bpf_disabled di 1. Àwọn fúnra wọn kìlọ̀ pé ọ̀nà tiwọn nìkan ni èyí dí, pé ẹlòmíràn lè rí ọ̀nà míì. Bí ẹ bá ṣe ti àkọ́kọ́, ètò tó ń lo user namespace, bíi Podman (ètò tó ń gbé ètò mìíràn ṣiṣẹ́ nínú àyíká tó dá dúró) tí kò lo agbára root, kò ní ṣiṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan náà ni Qualys kéde àlébù kan nínú systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn ètò yòókù lórí Linux, CVE-2021-33910, tí wọ́n ṣalábàápàdé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dán ipa ọ̀nà gígùn wò: ẹni tó ní àkáǹtì lásán lè fi í da gbogbo ẹ̀rọ bolẹ̀.

Ó ku ohun kan. Ìtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Ubuntu 20.04 parí ní oṣù Karùn-ún 2025. Láti ìgbà náà, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún Ubuntu Pro ni àtúnṣe ààbò ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, “gbogbo àtúnṣe” tí ẹ sọ pé ẹ ń gbà ti lè gbẹ láìsí ìkìlọ̀ tó hàn sí yín. Ẹ kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ tàn, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣètò láti lọ sí 22.04, kí ẹ sì ti ibẹ̀ bọ́ sí 24.04, nítorí Ubuntu kì í gbà kí sáfà fo ọ̀kan nínú wọn. Ẹ fi ohun tí uname -r bá sọ ṣáájú àti lẹ́yìn ránṣẹ́ sí mi, kí n lè bá yín wò ó bóyá èyí tó yẹ ló gba iṣẹ́.